Ta Ni Yóò Bá Kìnnìún Wá Ìyàwó?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kìnnìún ṣì wà nínú igbó ní Nàìjíríà. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín bó bá ka èyí. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ohun tí ọmọ mi obìnrin kọ́kọ́ wí ni pé, “Màámi, ti inú súù lẹ̀ ń sọ.” Rárá o. N kò sọ ti èyí tó ń sùn lẹ́yìn irin ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, tí a máa ń kó àwọn ọmọ lọ wò lásìkò ọdún. Kìnnìún tó ń ṣọdẹ oúnjẹ ara rẹ̀ ni mo wí, tó ń bímọ sínú koríko, tí ẹnikẹ́ni kì í ju ẹran sí. Ibi méjì péré la mọ̀ wọ́n sí ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí: igbó ọba Kainji, tó wà ní ìpínlẹ̀ Niger àti Kwara, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí àwọn ará Kìṣí, àti igbó ọba Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi.

Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde lórí kìnnìún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Láti 2006 dé 2012 ni wọ́n fi ṣe é. Igbó ọba 21 ni wọ́n yẹ̀ wò, àwọn igbó tí ìwé ìjọba ń sọ pé ẹranko kún inú wọn. Mẹ́rin péré ló ní kìnnìún. Ọ̀kan wà ní Senegal. Èkejì, tó tóbi jù, wà níbi tí Benin, Burkina Faso àti Niger ti pàdé. Méjì yòókù wà lọ́wọ́ wa. Gbogbo kìnnìún tí wọ́n fojú bù níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ bí 400, àwọn tó sì ti tó bímọ nínú wọn kò tó 250. Láti Dakar títí dé Bauchi o! Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìnkùlé mi ń gba èrò tó ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo.

Iye yẹn burú, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó burú ju iye lọ, òun ló sì mú mi jókòó kọ ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni.

Iṣẹ́ láàbù ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Fún ọdún 31, ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ mi ni àwọn àfẹ́sọ́nà máa ń wá nígbà tí pásítọ̀ tàbí àwọn òbí bá ní kí wọ́n lọ mọ jínótáìpù wọn. N ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, n ó kán an sí etí bébà kan tí a ti rẹ sínú omi, n ó sì ran iná mànàmáná sí i. Èyí tí a ń pè ní A á sáré ṣáájú, S á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Bí ó bá ti tó bí ìṣẹ́jú mélòó kan, ìlà á ti jáde ketekete, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí ènìyàn lè bẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo ti rí ọkùnrin tí a fún ní bébà tirẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀, tó ṣì wà lórí bẹ́ńṣì wa nígbà tí mo ń ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́. AS ni òun, AS ni ìyàwó, wọ́n sì ti ran aṣọ ẹbí. Ara àwọn méjèèjì le bí òkúta. Ohun tó fara sin sára ẹni kọ̀ọ̀kan wọn ni yóò fojú hàn lára ọmọ, nítorí nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS.

Mo sọ èyí nítorí pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ ohun tó ń ṣe kìnnìún. Gbogbo ẹ̀dá ló ní irú àléébù bẹ́ẹ̀ tó fara sin sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ àjèjì, àléébù tirẹ̀ àti ti ẹnì kejì kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Bó bá fẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, ibi kan náà ni àwọn méjèèjì ti mú un wá. Àwọn baba wa kò ní láàbù, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ ẹbí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìgbéyàwó tí wọn kò ní rán alárinà kó lọ wádìí: ọmọ ta ni? Ṣé kò sí wárápá nílé wọn? Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀?

Kìnnìún náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí akọ bá ti ń hu irun ọrùn, àwọn àgbà á lé e jáde nílé. Á máa rìn kiri, nígbà míràn fún ọdún bíi méjì, títí á fi rí agbo míràn tí kò bá a tan, tí á sì fi agbára gba ibẹ̀. Ìrìn yìí ni alárinà wọn. Ẹ wá wo Yankari lónìí: igbó náà kò ju 2,244 kìlómítà níbùú-lóròó lọ, oko ló yí i ká, abúlé ló yí i ká, màlúù ló yí i ká. Kainji tóbi jù ú lọ, 5,341, ṣùgbọ́n ó ju 500 kìlómítà lọ láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀nà mọ́tò, ìlú ńlá àti ìbọn ló sì kún ibẹ̀. Ọmọkùnrin tí wọ́n lé jáde ní Yankari, níbo ni yóò gbà? Ó ń padà sílé ni, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló sì kù fún un.

Báwo la ṣe mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, nígbà tí kìnnìún kì í kọ orúkọ sílẹ̀ ní kóòtù? Ẹ máà bínú sí mi, inú ìgbẹ́ la ti rí i. Ta ni yóò fa ẹ̀jẹ̀ lápá kìnnìún? A lè fi ìbọn oníoògùn yìn ín kó sùn, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni, ewu sì wà níbẹ̀ fún òun àti fún ẹni tó ń yìn ín. Ìgbẹ́ kò ní eyín. Bó ti ń gba inú ìfun kọjá ló ń ha díẹ̀díẹ̀ nínú awọ ìfun mọ́ra, lára ohun tó hó yẹn ni a ti ń rí DNA ẹni tó ya á.

Onímọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Talatu Tende, pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Lund ní Sweden, ló ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní Yankari, ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣa ìgbẹ́ kìnnìún, láti 2008 dé 2012. Ní Kainji, wọ́n ṣà á ní 2009, 2010 àti 2012. Ọdún 2014 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Ẹ wo ara ìgbẹ́ lójú wa, ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe.

Ohun tí wọ́n ń wá nínú DNA náà ni àwọn àmì kan tí n ó pè ní ilà, nítorí iṣẹ́ ilà ni wọ́n ń ṣe. Láyé ìyá mi àgbà, bí a bá rí àbàjà tàbí pélé lójú ènìyàn, a ó ti mọ ilé tó ti jáde. Àbàjà kò sọ ẹni tó kọ ọ́ di akíkanjú, kò sì sọ ọ́ di ọ̀lẹ, ó kàn ń sọ ibi tí wọ́n ti bí i. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilà inú DNA. Àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tí lẹ́tà méjì ń tún ara wọn pè ṣáá, bí ìgbà tí onígúdúgúdú bá di ìlù kan mú tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀: CACACACA. Kìnnìún kan lè gba èyí tó pe ara rẹ̀ nígbà 12 lọ́wọ́ baba, kó gba èyí tó pe ara rẹ̀ nígbà 17 lọ́wọ́ ìyá. Ibi kan ṣoṣo kò lè fi ẹnikẹ́ni hàn, nítorí ọ̀pọ̀ kìnnìún lè jọra níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ibi mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, ó ṣòro kí méjì tó bá ara mu jálẹ̀. Bí ẹbí bá sì ti ń fẹ́ ẹbí, ilà wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í jọra jù, ẹni tó ń kà wọ́n á ní láti wo ibi púpọ̀ sí i kó tó lè dá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mọ̀ yàtọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ló pa mí lẹ́rìn-ín. Iná mànàmáná náà ni! Bí mo ṣe ń fi iná lé ẹ̀jẹ̀ àwọn àfẹ́sọ́nà lórí bébà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi iná lé ègé DNA kìnnìún. Èyí tó kúrú á sáré, èyí tó gùn á máa falẹ̀ bọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ tuntun kì í purọ́, ìgbẹ́ máa ń purọ́. Bó bá ti pẹ́ nínú oòrùn, tàbí tí òjò pa á, ọ̀kan nínú ilà méjèèjì lè má jáde, ẹni tó ń wò ó á wá rò pé ohun kan náà ni baba àti ìyá fún un. Ìdí nìyẹn tí onílàákàyè fi ń tún un ṣe léraléra kó tó gbà á gbọ́.

Kí ni wọ́n rí? Ní Yankari, ó kéré tán, kìnnìún 8: akọ 2, abo 3, àti 3 tí ìgbẹ́ wọn kò jẹ́ kí a mọ èyí tí wọ́n jẹ́. Ní Kainji, ó kéré tán, 10: akọ 7, abo 3. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí mo kà á débẹ̀. Abo mẹ́ta!

Nọ́ńbà méjì míràn wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí n ṣàlàyé, ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ. Èkíní ń sọ bí ìdílé Yankari àti ti Kainji ti yàtọ̀ síra tó. Bí wọ́n bá ń bára wọn dàpọ̀, ó yẹ kí ó sún mọ́ 0. Ohun tí wọ́n rí ni 0.17, èyí tó fi hàn pé àwọn méjèèjì ti ń di àjèjì síra wọn. Nọ́ńbà kejì ń sọ bí ẹbí ti ń fẹ́ ẹbí tó nínú igbó kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ẹnikẹ́ni bá ti lè fẹ́ ẹnikẹ́ni, 0 ló yẹ kó jẹ́. Ti Kainji jẹ́ 0.38, ti Yankari jẹ́ 0.49. Ìtumọ̀ ti Yankari ni pé, ibi tí ó yẹ kí a ti rí ilà baba tó yàtọ̀ sí ti ìyá ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, bí ìdajì péré la rí. Bí a tilẹ̀ yọ díẹ̀ kúrò nítorí irọ́ ìgbẹ́, ó ṣì pọ̀ lójú tèmi. Bó bá jẹ́ ènìyàn ló gbé irú bébà bẹ́ẹ̀ wá sí láàbù mi, n bá ti pe àwọn òbí rẹ̀ sí kọ̀rọ̀.

Níbi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń já sí, a ti rí i ní Amẹ́ríkà. Púmà kan wà ní ìpínlẹ̀ Florida, ẹranko ńlá tí irun rẹ̀ jọ ti kìnnìún. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó ku bí 20 sí 30 péré. Ìrù wọn ká kọ́rọ́ lápá ìsàlẹ̀, irun ẹ̀yìn wọn yí bírí bí ìgbín, ihò wà nínú ọkàn àwọn mìíràn, kórópọ̀n ọ̀pọ̀ akọ wọn kò sì sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, ní 1995, wọ́n kó abo 8 wá láti Texas. Wọn kò kàn ṣà wọ́n mú o. Ìdílé Texas àti ti Florida ti máa ń bára wọn fẹ́ látijọ́ kí ènìyàn tó pa igbó àárín wọn run. Márùn-ún nínú mẹ́jọ náà bímọ. Ọmọ wọn gun igi, ó sáré, ìrù rẹ̀ na tààrà. Ní 2017, àwọn tó ń ṣọ́ wọn fojú bù wọ́n sí 120 sí 230. Kì í ṣe ìyàwó nìkan ló ṣe é, wọ́n ra ilẹ̀ fún wọn, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà sábẹ́ títì kí mọ́tò má baà pa wọ́n, ṣùgbọ́n láìsí àwọn ìyàwó yẹn, n kò rò pé a ó máa sọ̀rọ̀ wọn lónìí.

Ó wá ku tiwa. Ta ni yóò bá kìnnìún Yankari wá ìyàwó? Tende àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá ọ̀nà méjì: kí a máa gbé kìnnìún láti igbó ọba kan lọ sí èkejì, tàbí kí a mú lára ti ọgbà ẹranko padà sínú igbó. Mo fara mọ́ ti àkọ́kọ́. Ti ọgbà ẹranko ń kọ mí lóminú, àyàfi bí a bá kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè alárinà: ọmọ ta ni?

Ẹ jẹ́ mọ̀ pé ìdílé kìnnìún méjì ló wà láyé. Ní 2017, àwọn àgbà onímọ̀ nípa ìran ológbò tún ìwé ìdílé náà kọ: kìnnìún Ìwọ̀ Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ń bẹ lójú kan pẹ̀lú ti India, kìnnìún Ìlà Oòrùn àti Gúúsù Áfíríkà wà lójú kan tiwọn. Ilà inú DNA ló sọ ọ́. Ó túmọ̀ sí pé kìnnìún Kainji bá ti igbó Gir ní India tan ju bí ó ti bá ti Kenya tan lọ! Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà. Nígbà tí Rwanda fẹ́ dá kìnnìún padà sí igbó Akagera ní 2015, tí wọ́n kó 7 wá láti Gúúsù Áfíríkà, kò sí àríyànjiyàn, nítorí ìdílé kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ju irú wọn sí Yankari, a ó rí ọmọ bí lóòótọ́, kìnnìún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni a kò ní rí mọ́. Ọgbà ẹranko a sì máa ra kìnnìún níbi tó bá ti rí i. Kí wọ́n ka ilà lójú rẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un.

Èmi ní àbá kẹta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò bi mí. Ọ̀pọ̀ kìnnìún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó kù wà ní Pendjari àti àwọn igbó tó bá a pààlà, lọ́dọ̀ àwọn ará Benin. Apá Borgu nínú igbó Kainji sì sún mọ́ ẹnu ibodè wọn. Ọ̀kan ni Borgu kí òyìnbó tó fa ìlà: Nikki bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Bussa bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa náà ńkọ́? Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà lọ́hùn-ún, a sì ń fẹ́ ara wa títí dòní, aṣọ́bodè kò rí nǹkan kan ṣe sí i. Kìnnìún Pendjari ni àna tó yẹ kìnnìún Kainji.

Ẹlòmíràn lè bá mi jiyàn pé kìnnìún Gir tí mo dárúkọ yẹn náà, nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ bín-ín-tín ló kù, ẹbí ló sì fẹ́ ẹbí di 891 tí wọ́n kà ní 2025. Mo gbà. Nígbà tí wọ́n yẹ àtọ̀ àwọn akọ wọn wò ní àwọn ọdún 1980, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ní àléébù, síbẹ̀ wọ́n ń bí. Ṣùgbọ́n ẹran tí wọn ó pa jẹ pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀ṣọ́. Ní tiwa, àwọn ọdẹ ti pa àgbọ̀nrín tán lọ́wọ́ kìnnìún, bó bá wá mú màlúù, darandaran á fi májèlé sára òkú ẹran náà. Ẹ dé ọjà àwọn lẹ́kúlẹ́jà, ẹ béèrè ọ̀rá kìnnìún, kí ẹ wo bí wọn ó ṣe yára pè yín wọlé. Ẹni tó bá ní ìdílé tó pọ̀ lè fara da ọ̀kan nínú ìyà wọ̀nyí. Tiwa ń jẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ní ọ̀rọ̀ mi ti sú àwọn. “Wọ́n ń jí ènìyàn gbé lójú pópó, ìwọ ń wá ìyàwó fún kìnnìún.” Mo ní, “Bọ̀dá mi, níbo làwọn ajínigbé náà ń gbé?” Nítorí òótọ́ ni pé láti bí ọdún mélòó kan ni àwọn agbébọn ti sọ igbó Kainji di ibùba, àti pé ní oṣù kejì ọdún 2022, wọ́n pa àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní Park W lápá ti Benin. Igbó tí ẹ̀ṣọ́ kò lè ṣọ́ kìnnìún inú rẹ̀, òun ni wọ́n ń dì mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bọ̀dá mi dákẹ́. N kò lè sọ pé mo borí wọn, ìyàwó wọn ló gbé iyán dé.

Gbígbé kìnnìún láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, owó ńlá ni, àlàáfíà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà. Ìgbẹ́ ṣíṣà kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó ń rìn lójú ọ̀nà igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgò kékeré kan ni yóò mú dání tí ọtí líle wà nínú rẹ̀, igi kékeré tí yóò fi ha ara ìgbẹ́ náà, pẹ̀lú bébà tí yóò kọ ọjọ́ àti ibi tó ti rí i sí. Kó ṣáà máà ha inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, nítorí DNA ẹfọ̀n tó jẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kó ha ara rẹ̀ lókè, níbi tó ń dán.